Lẹ́tà ṣíṣí sí WRSTC àti gbogbo àjọ tó ń fúnni ní káàdì scuba: ta ló ń wọ omi lọ wo bí a ṣe ń kọ́ni?

Ẹ̀yin olórí wa nínú ìgbìmọ̀ World Recreational Scuba Training Council (WRSTC), àti ẹ̀yin alákòóso gbogbo àjọ tí orúkọ yín wà lára káàdì tí àwa amòòkùn ń mú kiri láti fi hàn pé a ti gba ẹ̀kọ́,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àbójútó.

Olùkọ́ ni mí, ẹ̀kọ́ mímòòkùn (scuba, kí èèyàn máa fi táǹkì afẹ́fẹ́ mí lábẹ́ omi) ni mo fi ń jẹun. Mo ti kọ̀wé sí ọ̀kan nínú yín ní bòńkẹ́lẹ́ rí, ibi tí ọ̀rọ̀ náà sì já sí ló mú kí n kọ eléyìí síta. Màá sọ ọ́ bí mo bá dé ibẹ̀. Àwọn tó ń sanwó ẹ̀kọ́ yìí, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀mí wọn lé wa lọ́wọ́, lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́ ohun tí à ń bá ara wa sọ.

Ẹ̀sùn kan ṣoṣo ni mo mú wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lẹ́ka. Ẹ ní ìlànà tó dára lórí ìwé. Ẹ kò ní ẹnì kankan, lára àwọn tí kò jẹ nínú owó káàdì, tó ń wọ inú omi lọ wò ó bóyá à ń tẹ̀ lé ìlànà náà.

1. Ìwé yín kò burú. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé iṣẹ́ yín ni mo wá bà jẹ́. Nígbà tí wọ́n dá àjọ ẹ̀kọ́ mímòòkùn CMAS sílẹ̀ ní 1959, tí àjọ PADI dé ní 1966, tí SSI tẹ̀ lé e ní 1970, olúkúlùkù ń ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Ìgbìmọ̀ yín fìdí múlẹ̀ ní 1999. Ní 2007, ISO, àjọ tó ń ṣe ìlànà iṣẹ́ fún gbogbo ayé, gbé ìlànà 24801 jáde, ó sì pín amòòkùn sí ìpele mẹ́ta: ẹni tí a gbọ́dọ̀ máa ṣọ́, ẹni tó lè dá mòòkùn pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀, àti ẹni tó lè kó àwọn ẹlòmíràn lẹ́yìn. Ìlànà 24802 wà fún àwa olùkọ́, 24803 wà fún ilé iṣẹ́ tó ń ta ẹ̀kọ́ náà. Nítorí iṣẹ́ yìí ni ẹni tó gbàwé ní apá kan ayé fi lè lọ yá táǹkì ní apá kejì láìsí ìjà. Ohun ńlá ni.

Àmọ́ "ó kéré tán" ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Ó kéré tán, kí ẹni tó bá fẹ́ gba káàdì àkọ́kọ́ lè lúwẹ̀ẹ́ 200 mítà, tàbí 300 mítà bó bá wọ máàsìkì àti bàtà omi. Ó kéré tán, kó lè léfòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó kéré tán, kó ti mòòkùn lẹ́ẹ̀mẹ́rin nínú omi gbangba, bí òkun tàbí adágún. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá gba káàdì láìpẹ́ yìí, iye ìgbà tó mòòkùn kó tó gbà á. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ẹ ó gbọ́. Kì í ṣe márùn-ún nítorí pé ó ṣì ń ta gìrìgìrì nígbà kẹrin, kì í ṣe méje nítorí pé máàsìkì ṣì ń dẹ́rù bà á. Ibi tí ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù fi ṣe òrùlé, nítorí pé gbogbo wákàtí tí olùkọ́ bá fi kún un, owó ló ń bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan.

2. Orúkọ kan náà lórí káàdì, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò rí bákan náà. Ọ̀dọ̀ PADI, ẹni tó ti mòòkùn lẹ́ẹ̀mẹ́rin láti gba káàdì àkọ́kọ́ lè fi márùn-ún sí i, kó sì di "Advanced" (onípele gíga). Mẹ́sàn-án nìyẹn lápapọ̀. Ọ̀dọ̀ SSI, ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ "Advanced Open Water Diver" gbọ́dọ̀ ti mòòkùn lẹ́ẹ̀mẹrìnlélógún, kó sì ti parí ẹ̀kọ́ àkànṣe mẹ́rin. N kò sọ pé ọ̀kan burú, pé èkejì dára. Mo ti rí olùkọ́ gidi lábẹ́ àjọ méjèèjì. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi tó gba káàdì méjèèjì lọ́wọ́ àwọn àlejò rẹ̀ láàárọ̀, kò sí ohun tó máa sọ fún un pé iye ìgbà tí ọ̀kan ti mòòkùn ju ìlọ́po méjì ti èkejì lọ. Á so wọ́n pọ̀, á sì ní kí wọ́n jọ lọ sí 30 mítà.

Bí wọ́n bá dé ibẹ̀ ńkọ́? Àwọn àjọ kan ń kọ́ni pé kí amòòkùn máa gòkè, kó má kọjá 18 mítà ní ìṣẹ́jú kan. Àwọn mìíràn ní 9 tàbí 10 ni. Bí àwọn méjì yìí bá ń gòkè pọ̀, ọ̀kan á ti sọnù mọ́ èkejì lójú kí wọ́n tó dé ìdajì ọ̀nà. Èyí tó tún le jù ni ti afẹ́fẹ́ tó tán. Àjọ kan kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé kó na regulator (ohun tí a fi ń mí láti inú táǹkì) kejì, èyí tó sábà máa ń ní àwọ̀ yẹ́lò, sí ẹni tí afẹ́fẹ́ ti tán lọ́wọ́ rẹ̀. Àjọ mìíràn kọ́ tirẹ̀ pé kó yọ èyí tó wà lẹ́nu ara rẹ̀ gan-an fún onítọ̀hún, kó sì mú èyí tó so kọ́ ọrùn rẹ̀. Ọ̀nà méjèèjì ṣiṣẹ́ dáadáa láàárín àwọn tó jọ kọ́ ọ. Ẹni tí ẹ̀kọ́ kan wà lórí rẹ̀, tó wá bá ẹni tí ẹ̀kọ́ kejì wà lórí rẹ̀ pàdé, tí kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn kí wọ́n jọ yẹ ohun èlò ara wọn wò, á na ọwọ́ síbi tí kò sí nǹkan.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yìí kì í ṣe ohun tí à ń fojú fò. Àwọn onímọ̀ ní Divers Alert Network (DAN), àjọ tó ń rí sí ààbò amòòkùn, tẹ ìwádìí kan jáde ní 2008 lórí ikú amòòkùn 947. Nínú àwọn tí wọ́n lè mọ ohun tó kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀, ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló tán tàbí tó ń tán lọ. Kì í ṣe ẹja búburú, kì í ṣe ẹ̀rọ tó bàjẹ́. Afẹ́fẹ́ tí gééjì ń fi hàn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, nítorí pé n kì í sábà rí akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti ibòmíràn tó mọ ìṣírò yìí. Ní 30 mítà, agbára tí omi àti afẹ́fẹ́ fi ń tẹ̀ wá jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti orí ilẹ̀, nítorí náà ìmí kọ̀ọ̀kan ń jẹ afẹ́fẹ́ ní ìlọ́po mẹ́rin. Ká sọ pé afẹ́fẹ́ tán lọ́wọ́ ọ̀kan, ó bá dara pọ̀ mọ́ táǹkì èkejì. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já lè mí 30 lítà ní ìṣẹ́jú kan lórí ilẹ̀. Àwọn méjèèjì á lo 240 lítà láàárín ìṣẹ́jú kan tí wọ́n fi ń wá regulator, tí wọ́n ń di ara wọn mú, tí wọ́n ń fọkàn ara wọn balẹ̀. Bí wọ́n bá wá ń gòkè ní 10 mítà ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni, wọ́n á sì tún lo nǹkan bí 450 lítà, nítorí pé agbára náà ń dín kù bí wọ́n ṣe ń gòkè, ìpíndọ́gba rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po méjì àti ààbọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 690. Táǹkì lítà 12 tó ku 50 bar (bar ni òṣùwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ inú táǹkì), 600 lítà péré ló wà nínú rẹ̀. Á gbẹ kí wọ́n tó dé òkè, a ò sì tíì ka ìdúró ààbò ìṣẹ́jú mẹ́ta ní mítà 5 mọ́ ọn.

Síbẹ̀, "50 bar" ni nọ́ńbà tó wà lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Wọ́n sọ fún wọn pé kí 50 ṣẹ́ kù bí wọ́n bá jáde, wọ́n wá gbọ́ ọ bí ẹni pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè nígbà tí 50 bá kù. Òfin méjì tó jìnnà síra wọn ni. Olùkọ́ tó ní àkókò á jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi bírò ṣe ìṣírò náà fúnra rẹ̀. Olùkọ́ tí kò ní àkókò á sọ nọ́ńbà náà, á sì kọjá.

3. Ẹni tí àjọ kan lé, àjọ kejì gbà á. Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé nìyí.

Èmi àti olùkọ́ kan jọ ṣiṣẹ́ níbì kan rí. Ó máa ń fa ìlà síwájú ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kò ṣe, bí ẹni pé ó ti ṣe é. Fọ́ọ̀mù kan tí mo fojú ara mi rí sọ pé ní ọ̀sán ọjọ́ kan báyìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin yọ máàsìkì lábẹ́ omi òkun, wọ́n sì dá a padà, wọ́n tú omi inú rẹ̀ jáde. Ọ̀sán tó kọ síbẹ̀ yẹn, ìjì kò jẹ́ kí ọkọ̀ kankan kúrò ní èbúté. Gbogbo wa la jókòó sí ṣọ́ọ̀bù títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo kọ̀wé sí àjọ rẹ̀, mo fi ẹ̀dà fọ́ọ̀mù náà àti ìwé ìròyìn ojú ọjọ́ ti ọjọ́ yẹn sí i. Ó pẹ́ kí wọ́n tó fèsì. Wọ́n ní àwọn ti parí ọ̀rọ̀ náà, pé ohun tí àwọn pinnu wà láàárín àwọn àti ọmọ ẹgbẹ́ àwọn. Olùkọ́ náà kúrò. Kò pẹ́ sígbà náà tí mo tún rí i níbòmíràn, tó ń kó akẹ́kọ̀ọ́ wọ omi, àmì àjọ mìíràn ló wà láyà aṣọ rẹ̀.

N kò bá àjọ kejì wí. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀? Olùkọ́ tó bá fẹ́ yí padà kò ní pé kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ kúkúrú kan wà fún un, á mú káàdì àtijọ́ wá, á sì gba tuntun. Kò sí ibì kan tí àjọ tó ń gbà á ti lè wò ó bóyá wọ́n lé e níbi tó ti ń bọ̀. Àwọn kan nínú yín ní ojú ìwé tí èèyàn lè fi nọ́ńbà olùkọ́ wá a, àwọn kan sì máa ń kéde orúkọ ẹni tí wọ́n lé. Àmọ́ olúkúlùkù ń ṣe tirẹ̀ lágbo ilé tirẹ̀, ẹni tó sì ń wá ẹ̀kọ́ kò mọ̀ pé agbo ilé tó tó bẹ́ẹ̀ ló yẹ kóun kàn.

Mo mọ èsì tí àwọn lọ́yà yín máa fún yín: ìbanilórúkọjẹ́, àṣírí ọmọ ẹgbẹ́. Kí ẹ má kọ ẹ̀sùn kankan síbẹ̀ nígbà náà. Ẹ kọ nọ́ńbà, ẹ kọ bóyá ẹni náà wà lẹ́nu iṣẹ́ tàbí a ti dá a dúró, ẹ kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sì jẹ́ kó láǹfààní láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìlà mẹ́ta péré ni.

4. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ lórí eékún. Àwọn àjọ kan gbà kí olùkọ́ kan kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ wọ omi gbangba. Àwọn mìíràn kì í jẹ́ kó ju mẹ́rin lọ. Àwọn tó gba mẹ́jọ máa ń kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kí olùkọ́ dín iye náà kù bí omi bá dọ̀tí tàbí bí ó bá ń ru. Ṣé ẹni tí ṣọ́ọ̀bù gbà síṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, tí wọ́n ti gbowó èèyàn mẹ́jọ dè é, lẹ ń retí pé kó wá sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé mẹ́ta lòun máa mú?

Ẹ fi ojú inú wò ó bó ṣe máa ń rí. Àwọn mẹ́jọ kúnlẹ̀ sórí iyanrìn ní mítà 5 tàbí 6, wọ́n tò bí ìlàjì òṣùpá. Olùkọ́ wà níwájú ẹnì kìíní, ojú rẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀, nítorí pé onítọ̀hún ń yọ máàsìkì. Ẹni kẹfà ti dúró pẹ́, òtútù ń mú un. Ẹsẹ̀ ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rú iyanrìn sókè. Omi wọnú máàsìkì rẹ̀ díẹ̀, ó gba imú fà á, ó há a lọ́fun. Ohun tí ara máa ń ṣe ni kó dí ọ̀nà ọ̀fun, kó di èémí mú, kó sì tari ẹsẹ̀ sókè. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló fi máa dé ojú omi.

Ẹ̀yin mọ ohun tó kù, àmọ́ àwọn tó ń kà lẹ́tà yìí lè máà mọ̀ ọ́n. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró ní mítà 10 máa ń di ìlọ́po méjì bó bá dé ojú omi. Bí ẹni náà kò bá mí síta, ẹ̀dọ̀fóró lè ya, afẹ́fẹ́ á sì bá ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọpọlọ. Kò tilẹ̀ nílò mítà 10. Ẹni tó mú ẹ̀dọ̀fóró tó kún gòkè láti mítà kan àti díẹ̀ lè fara pa. Nínú ìwádìí DAN tí mo mẹ́nu bà, gígòkè pàjáwìrì ló pọ̀ jù nínú ohun tó sọ wàhálà kékeré di ńlá, ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún.

Olùkọ́ tó ń fi eékún kọ́ni kò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń dúró lójú kan láàárín omi, láì rì, láì léfòó. Òjé ló fi ń mú wọn mọ́lẹ̀, ó ń fi kún bẹ́líìtì wọn kí wọ́n lè dúró jẹ́ẹ́. Wọ́n á gba káàdì, wọ́n á lọ mòòkùn níbi tí kò sí ilẹ̀ lábẹ́ wọn láti kúnlẹ̀ sí, òjé náà á ṣì wà ní ìbàdí wọn. Àwọn olùkọ́ kan wà káàkiri, lábẹ́ àjọ oríṣiríṣi, tó ń kọ́ gbogbo rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ láàárín omi, láì fi eékún kanlẹ̀. Ó ṣeé ṣe. Ó kàn nílò kí akẹ́kọ̀ọ́ dín kù, kí àkókò sì pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀, ìlànà tó wà nílẹ̀ jẹ́ kí ọ̀nà méjèèjì yọrí sí káàdì kan náà.

5. Ta ló ń ṣọ́ wa? Ìbéèrè àti ìdáhùn tí ẹ fi ń ránṣẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú yín gbójú lé. Ẹ máa ń bi í bóyá olùkọ́ ṣe eléyìí, bóyá ó ṣe ìyẹn. Ẹni tí kò mòòkùn rí láyé rẹ̀, báwo ló ṣe máa mọ ohun tí wọ́n fò? Inú rẹ̀ dùn, ó rí ẹja, olùkọ́ yá mọ́ ọn. Á kọ "bẹ́ẹ̀ ni" sí gbogbo rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ó ráhùn, ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ ni àjọ tó ń gbowó lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù náà lórí káàdì kọ̀ọ̀kan. A kì í fi òṣùwọ̀n ọjà sílẹ̀ fún ẹni tó ń tajà nìkan láti máa wọ̀n ọ́n.

Ti ISO ńkọ́? Àwọn tó ń fún àjọ ní ìwé ẹ̀rí ISO ń wo ìwé ìlànà àjọ náà, wọ́n ń fi í wé 24801, bí ó bá bá a mu, wọ́n á buwọ́ lù ú. Mo gbà pé iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù ọjọ́ ìjì yẹn náà bá ìlànà mu láti òkè délẹ̀.

Ìgbìmọ̀ yín fúnra rẹ̀, àwọn àjọ tó ń ta káàdì ló wà nínú rẹ̀. Nítorí náà ẹ̀yin lẹ kọ òfin, ẹ̀yin lẹ ń tà á, ẹ̀yin náà lẹ ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Níbi tí ìjọba ti dá sí i, bí ìpínlẹ̀ Queensland ní Ọsirélíà tó ṣòfin ààbò fún mímòòkùn ìgbafẹ́ ní 2011, ó ti hàn pé iṣẹ́ yìí kò kú nítorí pé ará ìta wá wò ó. Èmi ò fẹ́ kí ìjọba gbà á lọ́wọ́ yín níbi gbogbo. Bí ẹ kò bá wá ẹni tí yóò máa ṣọ́ yín, àwọn ni yóò wá a fún yín, lẹ́yìn tí òkú bá ti sùn.

6. Káàdì tí kò lọ́jọ́ ìparí. Ní kúkúrú: ẹni tó gba káàdì lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, tí kò sì tún fẹsẹ̀ kan omi, ṣì lè mú un jáde lónìí, kó sì yá táǹkì. Ẹ máa ń gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ tún ẹ̀kọ́ yẹ̀ wò. Ìmọ̀ràn ni. Ẹ kọ ọjọ́ tó mòòkùn kẹ́yìn síbi tí ọ̀gá ọkọ̀ á ti rí i.

7. Ìjàǹbá tí a kì í gbọ́. BSAC, ẹgbẹ́ amòòkùn ti Brítéènì, máa ń tẹ ìròyìn ìjàǹbá jáde lọ́dọọdún, láì dárúkọ ẹnikẹ́ni, kí àwọn yòókù lè fi kọ́gbọ́n. DAN náà ń ṣe tirẹ̀. Èyí tí olùkọ́ ń kọ ránṣẹ́ sí yín, inú fáìlì ìbánigbófò ló ń lọ, kì í padà wá bá wa. Mo ti kọ irú rẹ̀ rí, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó já lọ́wọ́ mi, tó sáré gòkè lójijì. Ọpẹ́ ni pé kò fara pa. Títí di òní, n kò mọ iye olùkọ́ tó ti kọ irú rẹ̀, tàbí bóyá ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí wa.

Àwọn ohun tí mo ń béèrè nìyí, mo sì tò ó bó ṣe yẹ kó tètè dé sí:

Àkọ́kọ́, ìwé orúkọ olùkọ́ kan ṣoṣo fún gbogbo àjọ tó wà lábẹ́ yín, tí gbogbo ayé lè wò lọ́fẹ̀ẹ́, tí ẹni tí wọ́n bá dá dúró lọ́dọ̀ ọ̀kan á hàn níwájú gbogbo yín kí ó tó gba káàdì mìíràn.

Èkejì, àwọn aṣàyẹ̀wò tí kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ àjọ kankan, tí ẹ jọ ń dáwó fún, tí wọ́n á máa forúkọ sílẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ lásán, tí wọ́n á sanwó, tí wọ́n á wọ omi, tí ohun tí wọ́n bá rí á sì jáde síta.

Ẹ̀kẹta, iye akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní ju mẹ́rin lọ fún olùkọ́ kan nínú omi gbangba fún ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, láìsí àyè fún ṣọ́ọ̀bù láti dúnàádúrà rẹ̀, àti ìṣírò afẹ́fẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kí ó tó gba káàdì.

Ẹ̀kẹrin, iye ìgbà tí ẹni tó ni káàdì ti mòòkùn nígbà tó gbà á, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sára káàdì náà gbọọrọ, kí orúkọ "Advanced" má baà máa tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Tí apá yín kò bá ká gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àkọ́kọ́. Kò gba ẹ̀rọ tuntun, kò gba òfin tuntun. Orúkọ náà wà lọ́wọ́ yín báyìí. Mo ń retí èsì yín ní gbangba, bí mo ṣe kọ̀wé sí yín ní gbangba, kí ẹ sì dárúkọ ọjọ́ tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùkọ́ mímòòkùn kan